Aṣọ́nà Orí Yìnyín

Ojú wọn ṣe mẹ́rin lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọ̀sán, lásìkò tí gbogbo ìlú Òkè-Ọ̀tútù ń fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara wọn wọlé kí fèrè aago mọ́kànlá tó dún, tí wọ́n á tì í. Oòrùn ti ń yọ́ ọ̀dà ojú títì. Àwọn ìyá ọlọ́mọ fi aṣọ fàdákà bo ọmọ lórí, wọ́n ń sáré. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé bàtà abẹ tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín kọ́ èjìká, àwọn náà ń sáré. Láàárín ìrọ́kẹ̀kẹ̀ yẹn ni ọkùnrin kan yíjú wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, ojú rẹ̀ sì bọ́ sínú ojú Fadérera.

Ayé dúró. Bí Fadérera ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn lẹ́yìn náà, kò sì ní àlàyé míì fún un. Ọkùnrin náà ga, ó dúdú minimini, ojú rẹ̀ sì ní ìbànújẹ́ kan nínú, bíi yàrá tí ẹnìkan jáde nínú rẹ̀ tí kò pa iná. Síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà gba orí ogójì ènìyàn kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì dé pẹ̀lú gbogbo ooru rẹ̀. Ọkàn Fadérera fò sókè. Ó gbàgbé ọmọ tó ń sunkún létí rẹ̀, ó gbàgbé oòrùn, ó gbàgbé pé fìlà pupa òjíṣẹ́ wà lórí òun.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ló rán an létí. Ó gbọ̀n, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí ní ohùn pẹ̀lẹ́ tí ẹ̀rọ máa ń lò bó bá fẹ́ ba ọjọ́ ènìyàn jẹ́:

"Òjíṣẹ́ Fadérera, ẹ kú iṣẹ́. Akínfọlárìn, ojúlé kẹtàdínlógún, Àdúgbò Àlàpà. Ẹni tí ẹ ń wá wà níwájú yín ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ."

Ọkùnrin náà ti rí fìlà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó tẹrí, ó wọ àárín èrò bí ẹja ṣe ń wọ abẹ́ omi.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ta ni yóò dúró de fìlà pupa? Ẹyẹ onírin ló ń gbé ohun gbogbo ní Òkè-Ọ̀tútù: aṣọ, oògùn, títí kan ọbẹ̀ gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, òfin kò gbà kí ẹ̀rọ sọ ọ́ fún ọmọ ènìyàn. Orí ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, ọwọ́ ènìyàn ló sì gbọ́dọ̀ fi lé ọwọ́ ènìyàn. Nítorí náà bí òjíṣẹ́ bá wọ àdúgbò, fèrèsé á máa pa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́fà ni Fadérera ti fi lọ sí ojúlé kẹtàdínlógún. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní ó rìnrìn-àjò. Ní ọjọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ó gbọ́ dìgbì ẹni tó fò láti ojú fèrèsé ẹ̀yìn. Lánàá òde yìí, ohùn ìyá arúgbó kan ló dáhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pé, "Kò sí nílé o, ọmọ mi," Fadérera sì kúnlẹ̀ kí ìyá náà dáadáa, ó tún gbàdúrà kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wọn sí. Ìsàlẹ̀ òkè ló dé kó tó rántí pé ọkùnrin náà ń dá gbé ni.

Òní ni ọjọ́ keje. Lẹ́tà tí wọn kò bá gbà títí aago mẹ́rin ọjọ́ keje, iná ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Òjíṣẹ́ tí ó gbé e á bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọdún mẹ́rin ni Fadérera ti ń dé tirẹ̀. Kò tíì dá lẹ́tà kankan padà rí.

Ó tẹ̀lé ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ sínú Gbọ̀ngàn Yìnyín.

Ó mọ gbọ̀ngàn náà bí ó ti mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, síbẹ̀ èémí rẹ̀ ń dúró díẹ̀ nígbàkígbà tó bá dé ẹnu rẹ̀. Yìnyín funfun lọ salalu lábẹ́ òkè, ó gùn tó pápá mẹ́ta. Òru ni wọ́n ń dì í. Bí ọ̀sán bá dé, fáànù ńlá á máa fẹ́ atẹ́gùn orí rẹ̀ gba inú páìpù lọ sí gbogbo ilé ìlú. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé yìnyín tí ẹsẹ̀ kò bá họ, kì í mí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ènìyàn ṣeré lórí rẹ̀ títí aago mẹ́rin, tí Ilẹ̀kùn á tún ṣí. Eré ọ̀pá gígùn ni wọ́n fẹ́ràn jù, họ́kì: igi lọ́wọ́, bàtà abẹ lẹ́sẹ̀, róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tí gbogbo ènìyàn ń lé kiri, àti àwọ̀n kékeré ní ìkángun méjèèjì. Kò sí aṣọ́lé nínú eré ọ̀sán. Ẹni tó bá ti kọjá aṣọ́nà, àwọ̀n ló kù níwájú rẹ̀.

"Ta lò ń lé bẹ́ẹ̀, bí adìyẹ tó fẹ́ yé?"

Wúlèmótù ni. Òun ló ń wa ẹ̀rọ tó ń fá yìnyín, òun náà ló ń fọn fèrè eré. Ọ̀rẹ́ Fadérera ni láti kékeré, ẹnu rẹ̀ kò sì fìgbà kan sinmi rí.

"Ọkùnrin gíga kan. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé báyìí. Akínfọlárìn."

"Akín—Ògiri lò ń wí?" Wúlèmótù pa ẹ̀rọ rẹ̀ fọ́ọ́. "Òun ló dúró sọ́hùn-ún yẹn. Ọdún méjì rèé, kò sẹ́ni tó gbé róbà kọjá rẹ̀ lójúkojú. Kí ló ṣe?"

Fadérera fọwọ́ kan àyà rẹ̀, níbi tí lẹ́tà wà lábẹ́ ẹ̀wù. Wúlèmótù wò ó, ó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà, ẹnu rẹ̀ sì pa dé fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

Òjíṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni yá a ní bàtà abẹ. Inú ihò yìnyín tó so àdúgbò mọ́ àdúgbò ni wọ́n ń gbà jíṣẹ́, wọ́n sì ń sáré níbẹ̀ bí ọfà. Fadérera de bàtà rẹ̀, ó yọ̀ tẹ̀ẹ̀ lọ bá ọkùnrin náà níwájú àwọ̀n. Àwọn tó ń ṣeré dúró. Ó tẹrí ba, ó fi orúnkún kan kan yìnyín.

"Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀yin ni Akínfọlárìn?"

"Akínfọlárìn?" Ọkùnrin náà wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ìyẹn ti kó lọ Ṣókótó."

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Fadérera kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbà ọwọ́ mi mọ̀ yín, sà."

"Kó mọ̀ mí. Ṣé ó lè bá mi jẹ́ orúkọ mi ni?"

Kò lè ṣe é. Bí òfin ṣe wà nìyẹn: ẹni tó ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ara rẹ̀, kó sì na ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ débi pé òun nìkan ló gbọ́.

"Àbúrò, má bínú. Ìyá mi wà ní Àríwá pẹ̀lú àwọn tó ń gé yìnyín òkun. Ọdún mẹ́rin. Ìgbà tí wọ́n mú lẹ́tà wá fún aládùúgbò mi, ọkọ rẹ̀ ló bómi lọ. Ìgbà tí wọ́n mú u wá fún ọ̀gá mi, ọmọ rẹ̀ ni. Tèmi ti dé wàyí. Bí mi ò bá gbà á, ìyá mi ṣì wà láàyè. Ṣé ó yé ọ?"

Ó yé e. Ó yé e ju bó ṣe yẹ lọ, ojú sì ń ta á. Ẹ̀gbà ọwọ́ gbọ̀n.

"Òjíṣẹ́ Fadérera, ọjọ́ keje nìyí. Òfin fún yín láyè. Ẹ tẹ Ìdè."

Bọ́tìnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbà náà, ó pupa bí ojú àparò. Bí òjíṣẹ́ bá tẹ̀ ẹ́ ní ìtòsí ẹni tó kọ̀ láti gba lẹ́tà, ẹ̀gbà ọwọ́ onítọ̀hún á pupa, wọ́n á sì kà á sí pé ó ti gbà á. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọjọ́ ni Ilẹ̀kùn Ọ̀sán kò fi ní ṣí fún un. Ọgbọ̀n ọ̀sán lábẹ́ oòrùn yẹn! Àwọn òjíṣẹ́ míì ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ niṣẹ́. Fadérera kò tíì tẹ̀ ẹ́ rí.

"Ẹ gbà á, ẹ̀gbọ́n. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

Akínfọlárìn wo bọ́tìnì náà, ó mọ̀ ọ́n. Ó na àyà. Bóyá ìgbéraga ni, bóyá ó fẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe ìpinnu náà fún òun ni, ó fi igi rẹ̀ ti róbà dúdú sí iwájú bàtà Fadérera.

"Gbé e kọjá mi. Èmi àti ìwọ, lójúkojú. Bí o bá gbé e sáwọ̀n kí fèrè aago mẹ́rin tó dún, màá jẹ́ orúkọ mi níwájú gbogbo ayé. Bí o kò bá lè gbé e, máa lọ sílé, kí o má sì tẹ nǹkan yẹn."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Iye ìgbà tí egungun rẹ bá gbà."

Gbọ̀ngàn hó yèè. Wúlèmótù fọn fèrè kó tó di pé ẹnikẹ́ni ronú.

Ìgbà àkọ́kọ́, Fadérera kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó sáré, ó yà sọ́tùn-ún, igi Ògiri sì yọ jáde bí ahọ́n alángbá, ó lá róbà lọ. Ìgbà kejì bẹ́ẹ̀. Ìgbà kẹta, ó rò pé òun ti rí ọ̀nà lápá òsì, ọ̀nà gbòòrò, ó sáré wọ̀ ọ́. Ọ̀nà náà ń dín, ó ń dín, ó kàn rí i pé ara ògiri gbọ̀ngàn ni òun ti fẹ̀gbẹ́ lé, tí Akínfọlárìn ń fi èjìká rọra tì í bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti wá há síbẹ̀.

"Òjíṣẹ́ fìlà pupa!" ẹnìkan kígbe láti orí àga. "Wá máa lọ sílé, ọbẹ̀ rẹ ń jóná!"

"Ọbẹ̀ ìyá ẹ ló ń jóná!" Wúlèmótù dá a lóhùn, ó tún fọn fèrè.

Aago mẹ́ta kọjá. Orúnkún Fadérera ti bó. Ó ṣubú nígbà kan, ó yọ̀ lọ bí àpò gààrí, nígbà tó sì gbójú sókè, ọwọ́ Akínfọlárìn ló rí. Ọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kó tó na ọwọ́ náà sí i. Ọwọ́ gbígbóná, nínú gbogbo òtútù yẹn. Ó gbé e dìde, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀, kò tó ìgbésẹ̀ kan láàárín wọn. Ìwé ìfẹ́ tí Fadérera ti kà láyé rẹ̀ kò níye, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ fún un pé irú ìṣẹ́jú yẹn lè dé nígbà tí imú ènìyàn ń ṣomi.

"Òjíṣẹ́ Fadérera, ìṣẹ́jú méjìlá ló kù. Ẹni náà wà nítòsí. Ẹ tẹ Ìdè."

Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì. Kò mọ ìgbà tó débẹ̀. Bó bá tẹ̀ ẹ́, fìlà á wà lórí rẹ̀ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi. Akínfọlárìn rí àtàǹpàkò náà. Kò sá. Ó kàn dúró, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó ń retí òjò lórí pápá.

Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn òjíṣẹ́, ojoojúmọ́ ni Fadérera ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ láìkà á. Ọjọ́ yẹn ló kà á. Ó bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ náà, ó jù ú sí Wúlèmótù.

"Bá mi dì í mú. Bó bá tún sọ̀rọ̀, jókòó lé e."

"Màá jókòó lé e, inú rẹ̀ á dùn!" Wúlèmótù há a mọ́ abẹ́ ìdí. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbọ́. A bí ọ ire, a ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní kí o máa kí i? Gbogbo ìgbà tí o bá ti sún mọ́ ọn lo máa ń tẹ orí ba bí ìyàwó tuntun. Ilẹ̀ lò ń wò. Ẹni tó ń wo ilẹ̀, ibo ló máa rí ọ̀nà?"

Fadérera dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ni ọkùnrin náà, wọ́n kì í sì í wo àgbà lójú. Ọrùn rẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ògiri, ní tirẹ̀, kì í wo róbà láé. Àyà Fadérera ló ń wò, nítorí ọwọ́ lè purọ́, ojú lè purọ́, ṣùgbọ́n ibi tí àyà bá lọ ni ènìyàn ń lọ.

Ó sì tún rí ìkejì, èyí tí Wúlèmótù kò lè mọ̀ torí pé kì í ṣe òjíṣẹ́. Nínú ihò, bí òjíṣẹ́ bá rí ènìyàn lọ́ọ̀ọ́kán, ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ló ti gbọ́dọ̀ yà fún un. Ọdún mẹ́rin ni òun ti ń yà fún ènìyàn. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú ni òun ti ń sọ fún Ògiri níbi tí òun ń lọ!

Ó gbé róbà padà sí àárín pápá. Fáànù nìkan ló ń mí.

Ó bẹ̀rẹ̀, kò sáré púpọ̀. Ó gbé orí sókè. Kò wo róbà; ó ń gbọ́ ọ níwájú igi rẹ̀, kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ bàtà ara rẹ̀. Akínfọlárìn ń fi ẹ̀yìn rìn níwájú rẹ̀, igi rẹ̀ nà gbọọrọ, ó tún ṣí apá òsì sílẹ̀ fún un, gbàgede tó lẹ́wà. Fadérera kò wọ̀ ọ́. Ó forí lé ọkùnrin náà gan-an, bí ẹni pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, bí ẹni pé àárín àyà rẹ̀ ni ọ̀nà. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Mẹ́jọ. Gbogbo ara rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó yà. Kò yà. Mẹ́fà. Ó wo ojú rẹ̀ tààrà, láìṣẹ́jú, ó sì rí i pé ojú náà ti kúrò ní àyà òun, ó ti bọ́ sínú ojú òun, bó ṣe bọ́ sí i lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọ̀sán.

Ìgbà yẹn ló ju èjìká òsì sílẹ̀. Èjìká nìkan. Ògiri gbà á gbọ́. Ó yí ìbàdí, ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìkejì. Ààyè kan ṣí láàárín igi rẹ̀ àti bàtà rẹ̀, ààyè kékeré tó tó ẹnu ọ̀nà eku. Fadérera rọra ti róbà gba ibẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gba apá ọ̀tún, aṣọ wọn kan ara wọn fẹ́ẹ́, ó pàdé róbà rẹ̀ lẹ́yìn ọkùnrin náà bí ẹni pàdé ọ̀rẹ́ tó ní kó máa lọ níwájú.

Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ mọ́ àfi àwọ̀n.

Kò gbá a tagbára-tagbára. Ó gbé e wọlé jẹ́ẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sórí ẹní.

Ariwo tó sọ mì òkè. Àwọn ènìyàn fi igi lu yìnyín, ẹni tó pariwo ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ń jó lórí àga, Wúlèmótù fọn fèrè títí fèrè fi dá ohùn. "Ọ̀rẹ́ mi ni o! Ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé ni o! Ó wó Ògiri!" Fadérera kò jó. Ó dúró nídìí àwọ̀n, ó na ẹ̀yìn, ó gún fìlà pupa rẹ̀ sí àárín orí, orúnkún rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí ọba tàbí olorì tó wù ú láti jẹ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Òjíṣẹ́ ló wù ú láti jẹ́.

Akínfọlárìn dúró níbi tí Fadérera ti kọjá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àwọn ènìyàn. Èjìká rẹ̀ gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, ó rọlẹ̀. Nígbà tó yípadà, ó rọra yọ̀ wá, ó gbé igi rẹ̀ sílẹ̀ lórí yìnyín.

"Ẹ bi mí," ó wí. Kò pè é ní ìwọ mọ́.

Ẹni tó ń jó lórí àga sọ̀kalẹ̀. Gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló ti rí fìlà pupa rí.

Fadérera ti ọwọ́ bọ ẹ̀wù rẹ̀, ó fa lẹ́tà jáde. Ó gbóná díẹ̀ láti ara rẹ̀. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì jẹ mọ́ kó mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ tẹ orí ba. Ó gbé e dúró.

"Ta ni yín?"

"Èmi ni Akínfọlárìn." Ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí ẹni tó wà lórí àga tó kẹ́yìn lè gbọ́ ọ. "Akínfọlárìn, ọmọ Ọmọ́táyébi tó ń gé yìnyín ní Àríwá. Èmi ọmọ rẹ̀ ni mo dúró yìí. Èmi kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ó na ọwọ́ méjèèjì. Fadérera fi lẹ́tà náà sí i.